Òfin Mẹ́fà Nítorí Ohùn Ìyá Dáúdù

Ẹ gbọ́ o, ẹ tún un gbọ́, gbogbo ará Òkè-Agbọ́n. Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń fárí lọ́wọ́, kó dúró síbi tó fá a dé. Agogo tí mo ń lù yìí, ààfin ló rán mi. Mo tún un sọ, ààfin ló rán mi lónìí. Ẹ máa gbọ́ ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn, nítorí ọjọ́ kan wà tí mo lu agogo yìí tí ẹnikẹ́ni ò rán mi.

Èmi Bámgbóṣé akéde ni. Kábíyèsí, Ọlọ́kè ti Òkè-Agbọ́n, pa òfin mẹ́fà láàárọ̀ yìí. Òfin náà kò kan omi ẹ̀rọ. Kò kan ewúrẹ́ tó ń jẹ iṣu oníṣu. Eré orí rédíò ló kàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, òfin kẹta wà níwájú tó ń dúró dè é.

Gbogbo wa la mọ eré tí à ń wí. "Ilé Tó Ń Jò" ni. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń jáde ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Láago márùn-ún Ọjọ́bọ̀ ní Òkè-Agbọ́n, ajá kì í rí ẹni tí yóò lé e nídìí ẹran. Ẹ mọ Ìyá Dáúdù, ìyá ọkọ inú eré náà, tó fi ojú Àríkẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ rí màbo. Ẹ mọ bó ṣe tì í mọ́ta nínú òjò pẹ̀lú ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́wọ́. Ẹ mọ ohun tó bù sínú ọbẹ̀ fún un. Ohùn rẹ̀ nìkan la mọ̀, nítorí rédíò ò lójú. Àmọ́ ta ni ò dá ohùn yẹn mọ̀? Ohùn tó ń rọ̀ bí ẹ̀kọ, tí eegun ẹja sì wà nínú rẹ̀.

Níta ṣọ́ọ̀bù Alhaja Rìsíkátù aránṣọ la ti máa ń jókòó gbọ́ ọ. Bí eré bá parí, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Alhaja á ní eré náà ò dáa mọ́, pé ti ọdún kìíní ló dáa. Ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún kejì. Bàbá Láńrewájú, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, á ṣí ìwé rẹ̀. Gbogbo àṣìṣe inú eré ló ń kọ síbẹ̀: pé ní ọ̀sẹ̀ báyìí, Dáúdù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni bàbá òun kú, pé ní ọ̀sẹ̀ báyìí, ó tún ní ẹsẹ̀ òun rì sínú ẹrọ̀fọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìwé mẹ́rin ló ti kún. A ó jà, a ó bú àwọn tó ń kọ eré náà, a ó búra pé a ò gbọ́ ọ mọ́. Tó bá di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, a ó tún gbé àga jáde.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí di oṣù tó kọjá, nígbà tí ọkọ̀ já obìnrin kan sílẹ̀ ní gáréèjì lọ́jọ́ Ẹtì. Obìnrin náà á tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó gbé báàgì kan lọ́wọ́, ó gbé igbá òrí kan mọ́ àyà. Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni mo lè gbà dé ilé Tíṣà Adéṣígbìn?"

Orí mi wú. Ohùn Ìyá Dáúdù ni. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Mo mọ Tíṣà Adéṣígbìn, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò. Mo mọ̀ pé Mojírádé ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyá ọkọ, ìyàwó, ọmọ tuntun: gbogbo rẹ̀ bá ara mu lọ́kàn mi bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò mu.

Ẹ̀yin ará ìlú, mo nawọ́ sí ọ̀nà odò. Apá òkè ni ilé tíṣà wà. Obìnrin náà dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n ṣìnà, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ó forí lé ọ̀nà odò. Bó ṣe kẹ̀yìn sí mi báyìí ni mo mú agogo. Mo kéde káàkiri pé Ìyá Dáúdù ti wọ̀lú, kí gbogbo ìyálọ́mọ fọwọ́ mú ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán mi nìyẹn.

Orúkọ obìnrin náà gan-an ni Wúràọlá Adéṣígbìn. Ìyá tíṣà ni. Ó wá wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kálukú yín ló mọ apá tirẹ̀ níbẹ̀. Ó wá ra iṣu, wọ́n ní iṣu ti tán, iṣu sì ga bí òkìtì lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó kí èèyàn, èèyàn wo òkè. Obìnrin kan bi í léèrè lójú gbogbo ayé pé kí ni Àríkẹ́ ṣe fún un gan-an. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, eré ni. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé fún mi, màá sì kà á."

Obìnrin náà ní, "Bó bá jẹ́ ìwé lò ń kà, kí ló dé tó o mọ̀ ọ́n kà tó bẹ́ẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà, Ìyáàfin Wúràọlá ò la ẹnu níta mọ́. Bó bá fẹ́ ra iyọ̀, á nawọ́ sí iyọ̀.

Ní ti Alhaja Rìsíkátù, ó ń gbé ọbẹ̀ lọ fún Mojírádé láràárọ̀, ojú fèrèsé ló ń gbà gbé e fún un. Á ní, "Má jẹ ọbẹ̀ wọn o, ọmọ mi. N ò sọ pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Mo kàn ní má jẹ ọbẹ̀ wọn."

Mojírádé fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù níwájú Kábíyèsí. Ó ní níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ni òun ń fi í rín. Òun á sọ fún ìyá ọkọ òun, àwọn méjèèjì á jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń sọ sí ni létí lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, á kọ́lé síbẹ̀. Ara rẹ̀ ò tíì le, ọmọ ò jẹ́ kó sinmi. Lọ́jọ́ kẹjọ tó dé, ìyá ọkọ rẹ̀ se ọbẹ̀ ààpọ̀n, ó gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bà gbígbóná. Mojírádé bu òkèlè, ó wo inú ọbẹ̀ náà, ó sì dá òkèlè padà sínú àwo. Ó ní ebi ò pa òun.

"Kábíyèsí," ó ní, "n ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀. Wọ́n wo àwo, wọ́n wo mí. Wọ́n fa àwo náà sọ́dọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n jẹ ọbẹ̀ ọ̀hún tán pátá níwájú mi. Wọ́n fọ àwo. Wọ́n gbé omi ọmọ kaná."

Lẹ́yìn tí ìyá ọkọ rẹ̀ wẹ ọmọ tán ló pe àwọn tó ń ṣe eré náà lórí fóònù. Mojírádé ń gbọ́ láti inú yàrá. Ìyá náà ní, "Ẹ wá ẹlòmíràn. N ò ṣe mọ́." Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Ẹ̀yin ń gbọ́ ìkà mi lórí rédíò. Ìyàwó ọmọ mi ti ń rí i nínú ọbẹ̀."

A ò mọ nǹkan kan nínú èyí. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, a gbé àga jáde bí ìṣe wa. Ìlù àkọ́bẹ̀rẹ̀ eré lù, Àríkẹ́ kan ilẹ̀kùn, Ìyá Dáúdù sì dáhùn. Kì í ṣe òun. Ẹlòmíràn ni. Obìnrin yẹn ń pariwo, ó ń halẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ìkà há-há-há. Ìyá Dáúdù kì í pariwo láé. Bó bá fẹ́ ba ayé èèyàn jẹ́, ńṣe ló máa ń bi í bóyá ó ti jẹun.

Kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni. Alhaja Rìsíkátù dìde, ó pa rédíò kí eré tó parí, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún mẹ́fà. Kálukú gbé àga rẹ̀, ó lọ sílé. Láàfin náà, wọ́n ní Kábíyèsí gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta péré, wọ́n ní, "Ta lèyí?" Wọn ò sì jẹ oúnjẹ ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ni Mojírádé pọn ọmọ rẹ̀ wá sáàfin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tó bímọ. Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni láti fi í sùn àfi ara rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo kọ oúnjẹ ìyá mi." Kábíyèsí wá yíjú sí èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Wọ́n ní kí èmi, Alhaja Rìsíkátù àti Bàbá Láńrewájú, àwa tí ohùn wa ròkè jù níta ṣọ́ọ̀bù, lọ bẹ obìnrin náà kí oòrùn tó wọ̀.

A bá a níbi tó ti ń sá aṣọ ọmọ. Alhaja ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá. Ìfẹ́ la fi ṣe é."

Ìyáàfin Wúràọlá ní, "Ọbẹ̀ yín dùn, Alhaja. Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ló kàn pọ̀ díẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní èmi ni mo fi ọ̀nà odò hàn án. Ó ní òun mọ̀. "Mo rìn débi tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ. Mo bi wọ́n ní ọ̀nà, wọ́n sá fi aṣọ sílẹ̀ fún mi."

Bàbá Láńrewájú wá ṣí ìwé rẹ̀, ìkarùn-ún, ó nà án sí obìnrin náà. Ó ní, "Ẹ wo ojú ìwé àná." Òfìfo ni. "Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbọ́ yín, n kì í gbé bírò sílẹ̀. Àná, obìnrin yẹn ṣe àṣìṣe tó pọ̀, kò wù mí láti kọ ẹyọ kan."

Ìyáàfin Wúràọlá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí ìjókòó ìdáná, ó ń ṣí i láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ó ń ka àléébù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: pé ó sọ "àná" níbi tó yẹ kó sọ "ìjẹta", pé ó húkọ́ lọ́jọ́ kan tí ikọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀. Ó ń mirí. Nígbà tó dé ibì kan, ó dúró. Ó kà á jáde: "Lónìí, nígbà tí ìyá yìí ń sunkún lórí sàréè ọkọ rẹ̀, mo rántí ìyá mi. Mo jáde lọ síta díẹ̀."

Ó bi Bàbá Láńrewájú pé, "Kí ló dé tí ẹ ò ka èyí fún wọn níta ṣọ́ọ̀bù?"

Bàbá ní, "Wọn ò bi mí. Àléébù nìkan ni wọ́n máa ń ní kí n kà."

Obìnrin náà pa ìwé dé, ó fún un padà. Ó ní òun ti gbọ́, kí á jẹ́ kí òun rò ó. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. A padà lọ sí ààfin láìmọ ibi tó máa já sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Alhaja má baà tún wá, Mojírádé fúnra rẹ̀ ti fèrèsé. Ó lọ sídìí ààrò, ó ṣí ìkòkò ìyá ọkọ rẹ̀, ó bu ọbẹ̀, ó jẹ ẹ́ ní ìdúró níbẹ̀. Ó tún bù. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Jókòó jẹun, abiyamọ kì í dúró jẹun." Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì jẹ nínú àwo kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyáàfin Wúràọlá tún pe àwọn tó ń ṣe eré. Ó ní òun á padà. Ó ní kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kí Ìyá Dáúdù se ọbẹ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ìdí rèé tí Kábíyèsí fi pa òfin. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Òfin kìíní. Orúkọ Ìyáàfin Wúràọlá Adéṣígbìn ni Ìyáàfin Wúràọlá Adéṣígbìn. Ẹni tó bá pè é ní Ìyá Dáúdù lọ́jà, ní gáréèjì tàbí létí odò, wọn yóò yọ bátìrì rédíò rẹ̀ fún Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta. Mo tún un sọ, Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta. Kò sì gbọdọ̀ dúró sẹ́bàá fèrèsé aládùúgbò.

Òfin kejì. Kábíyèsí ò ní kí ẹ má bú eré. Ẹ bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ ọ kò gbọdọ̀ dá sí i. Ẹni tó bá dá sí i láìgbọ́ ọ, yóò jókòó láàfin, yóò gbọ́ ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọjọ́ méje, láìjẹ ẹ̀pà.

Òfin kẹta. Ẹni tó bá fi ẹni tó ń sunkún nídìí rédíò rẹ́rìn-ín, òun ni yóò fọ áńkáṣíìfù gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Kábíyèsí ní kí n fi kún un pé áńkáṣíìfù ààfin wà lára rẹ̀.

Òfin kẹrin. Ẹni tó bá ní ti àtijọ́ ló dáa, kó sọ ọ̀sẹ̀ tó ń wí. Bí kò bá lè sọ ọ́, kó panu mọ́ títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Alhaja Rìsíkátù ti bẹ̀bẹ̀ pé kí òfin yìí má ṣe wẹ̀yìn. Kábíyèsí gbà. Láti òní ló bẹ̀rẹ̀.

Òfin karùn-ún. Ẹni tó bá ka àléébù méjì, kó ka ohun dáadáa kan tẹ̀ lé e, sókè, kí gbogbo èèyàn gbọ́. Ẹni tó bá kọ̀, wọn yóò mú un jókòó ti Bàbá Láńrewájú, bàbá yóò sì ka ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Òfin kẹfà. Akéde kì í lu agogo láìjẹ́ pé ààfin rán an. Ìyà èyí ti bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó jẹ̀bi. Èmi ni mo ń pọn omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ nílé tíṣà, láti odò, títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Ẹ̀yin tí ẹ rí mi lánàá pẹ̀lú korobá lórí, tí ẹ bi mí bóyá ẹ̀rọ omi ilé mi bàjẹ́, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Kí n tó jáde láàárọ̀ yìí, Kábíyèsí ní kí n lọ ka òfin náà fún Ìyáàfin Wúràọlá, bóyá ó ní ohun tó fẹ́ yọ. Ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ń fi òrí wọ́ ọ lára, mo sì dúró níwájú rẹ̀, mo kà á bí mo ṣe máa ń kéde. Mo ké dáadáa. Mo gbó bí ajá ọdẹ. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Òfin náà dáa. Ọ̀nà tí ẹ gbà kà á ni kò dáa."

Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ẹ ń sáré níbi tó yẹ kí ẹ ti dúró. Tí ẹ bá dé ibi ìyà, ẹ ń pariwo. Bàbá, ẹni tí ìyà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́ kì í pariwo."

Inú mi bàjẹ́. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kéde nílùú yìí, kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ fún mi rí. Mo délé, ẹ̀kọ ò dùn lẹ́nu mi. Mo rò ó pé kí ló mọ̀ nípa agogo. Mo wá lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí mi, mo tún òfin kìíní kà. Mo kà á jẹ́jẹ́. Mo dúró díẹ̀ kí n tó sọ pé Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rù ba èmi fúnra mi.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí i pé ohùn mi rọlẹ̀ lónìí, tí gbogbo yín fi ń sún mọ́ mi láti gbọ́.

Bí wọ́n ṣe dì í fún mi láàfin ni mo ṣe tú u síwájú yín. N ò fi iyọ̀ kún un, n ò yọ ata kúrò níbẹ̀. Ẹni tó wà nílé, kó sọ fún ẹni tó wà lóko. Kábíyèsí ti sọ tiwọn, Bámgbóṣé ti jẹ́ tirẹ̀, agogo sinmi.